Kọ̀ǹpútà mi ń béèrè nọ́ńbà méjìdínláàádọ́ta lọ́wọ́ mi: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bọ́ sórí Windows 11, ẹ gbà mí o

Ìyá Onítẹ̀wé, Ṣómólú (Ajé, 7:10 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Mi ò kì í sábà kọ nǹkan síbí, kíkà ni mo máa ń kà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kọjá kíkà.

Ìwé ni mò ń tẹ̀ ní Ṣómólú. Láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ni mo fi ń ṣe iṣẹ́, CorelDRAW tá a fi ń ya iṣẹ́ ni mò ń lò, òun náà ni mo so mọ́ purínta. Wọ́n ní Windows 10 ti tán, ni mo bá ní kí ọmọkùnrin kan bá mi fi Windows 11 sí i ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ó pa gbogbo inú ẹ̀ rẹ́, ó fi tuntun sí i, ó sì dá iṣẹ́ mi padà láti inú flash. Láti ọjọ́ náà ni ara ò ti rọ̀ mí. Bọ́tìnnì Start tó máa ń wà lápá òsì ti sá lọ sáàárín. Kò dá purínta mọ̀ mọ́. Bí mo bá tan án, mo lè lọ ra àkàrà kí n tó padà wá bá a. Lánàá mo ní kí ẹlòmíì bá mi wo bó ṣe ń falẹ̀. Onítọ̀hún wọ inú BIOS, ìyẹn ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé, ó ní tòun bá fi BIOS tuntun sí i, á yá. Ìgbà tó pa á tó tún un tàn, ojú ẹ̀ di búlúù, ó ní kí n mú "recovery key" wá. Nọ́ńbà ni wọ́n ń bi mí! Àpótí tí wọ́n ní kí n kọ ọ́ sí gùn bí ọ̀nà Ìkòròdú. Ẹni tó fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn ní àfi ká tún pa gbogbo inú ẹ̀ rẹ́.

Ìwé ètò ìsìnkú kan wà nínú ẹ̀ tí mi ò tíì tẹ̀, ọ̀ọ́dúnrún ni wọ́n fẹ́. Ọjọ́bọ̀ ni àìsùn. Fọ́tò bàbá náà, tí àwọn ọmọ ẹ̀ ti jà lé lórí lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó fẹnu kò sí èyí tí fìlà ẹ̀ ò wọ́, inú ibẹ̀ ló wà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Àtúnṣe Ọ̀tígbà, Ìkẹjà (7:26 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má jẹ́ kó pa nǹkan kan rẹ́ o! Ẹ gba láptọ́ọ̀pù yín lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e sí kọ̀rọ̀.

Ohun tó ń bi yín yẹn, BitLocker ni, àgádágodo tí Windows fi ń ti dísìkì. Láti ìgbà tí ẹ̀dà Windows 11 tí wọ́n ń pè ní 24H2 ti jáde ní October 2024, bí wọ́n bá fi í sí ẹ̀rọ lákọ̀tun, tí wọ́n sì fi àkáǹtì Microsoft wọlé, ó sábà máa ń ti inú dísìkì pa fúnra ẹ̀, kò sì ní pariwo pé òun tì í. Torí olè ni wọ́n ṣe ṣe é. Bí wọ́n bá já láptọ́ọ̀pù gbà lọ́wọ́ yín ní Òṣòdì, wọn ò ní lè tú dísìkì ẹ̀ kí wọ́n fi ka iṣẹ́ yín. Nǹkan kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ náà tó ń jẹ́ TPM, òun ló mú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ lọ́wọ́. Bẹ́ ẹ bá ti tan ẹ̀rọ, TPM á kọ́kọ́ yẹ BIOS àti bí ẹ̀rọ ṣe ń tàn wò. Tó bá rí i pé bó ṣe fi í sílẹ̀ lánàá náà ló ṣe wà, á ṣílẹ̀kùn, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ẹnìkan wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá wá lọ fọwọ́ kan BIOS, lójú tiẹ̀ àjèjì ló dé, á ní kẹ́ ẹ mú kọ́kọ́rọ́ kejì wá. Kọ́kọ́rọ́ kejì ni nọ́ńbà 48 yẹn, wọ́n pín in sọ́nà mẹ́jọ, mẹ́fà mẹ́fà.

Ó wà níbì kan. Ẹ mú fóònù, ẹ lọ sí aka.ms/myrecoverykey, ẹ fi àkáǹtì Microsoft tí wọ́n fi ṣí ẹ̀rọ náà wọlé. Ẹ ó rí nǹkan tó ń jẹ́ "Key ID" lójú búlúù yẹn. Mẹ́jọ àkọ́kọ́ nínú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi wé èyí tó wà lórí fóònù, torí ó lè ju ẹyọ kan lọ níbẹ̀. Àkáǹtì ta ni wọ́n fi ṣí i, mà?

Ìyá Onítẹ̀wé (7:31 àárọ̀)

Àkáǹtì kẹ̀? Báǹkì nìkan ni mo ti ní àkáǹtì.

Àtúnṣe Ọ̀tígbà (7:33 àárọ̀)

Ẹnìkan fi tiẹ̀ ṣí i mà. Ẹ pe ọmọkùnrin tó kọ́kọ́ fi sí i. Tó bá jẹ́ pé àkáǹtì tiẹ̀ ló lò, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ilé yín wà. Ẹ rọra bá a sọ̀rọ̀, ẹ má tíì bínú. Bínú lẹ́yìn.

Bàbá Ìdúmọ̀tà, Èkó (8:05 àárọ̀)

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kú ìjókòó. Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á bá wa rí i.

Láti ayé Windows 98 ni mo ti ń ta kọ̀ǹpútà tí mo sì ń tún un ṣe, mi ò tíì rí Windows tuntun kan tí kò kọ́kọ́ fi ojú aráyé rí màbo. Vista jáde ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kìíní ọdún 2007. Nǹkan kékeré báyìí lo fẹ́ ṣí, á bi ọ́ pé ṣé o fọwọ́ sí i. O kúrò níbẹ̀, o fọwọ́ kan òmíràn, á tún bi ọ́, bí ọlọ́pàá tó dúró ní ìta kọ̀ọ̀kan. Purínta àti sikánà tó wà nílẹ̀ ò ní dráífà, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí Windows gbọ́ èdè wọn, tó bá a mu. Àwọn èèyàn ń gbé ẹ̀rọ tó ṣì wà nínú ọ̀rá wá fún wa pé ká bá àwọn dá a padà sí Windows XP tó ṣáájú ẹ̀. Windows 7 ní October 2009 ló pẹ̀tù sí i. Windows 8 tó dé lọ́dún 2012, ńṣe ló yọ bọ́tìnnì Start dànù pátápátá, ó tó bí ọdún kan kí wọ́n tó dá a padà ní 8.1. Torí náà, Ìyá, tiyín sún sáàárín ni, ẹ ṣì rí i fojú rí.

Èyí tí ẹ̀rù ẹ̀ bà mí jù ni ti October 2018. Àpdéètì Windows 10 kan, 1809 ni wọ́n pè é, ń pa fáìlì àwọn èèyàn rẹ́. Kì í ṣe gbogbo ayé ló ṣe é fún o. Àwọn tó ti ní kí Documents tàbí Pictures wọn kó lọ sí dráífù míì, àmọ́ tí wọ́n ṣì ní fáìlì nínú fódà àtijọ́, ni ó dé bá. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú àpdéètì náà pé kó máa gbá fódà òfìfo tó ṣẹ́kù dànù. Òun náà gbá a, kò wò ó bóyá òfìfo ni lóòótọ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan Microsoft dá a dúró, ó di November kó tó tún jáde. Ẹni tí kò kánjú ní tiẹ̀ kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀rọ tí mo fi ń jẹun ní ṣọ́ọ̀bù kì í jẹ tuntun kó tó pé oṣù mẹ́ta. Láptọ́ọ̀pù ilé tí àwọn ọmọ-ọmọ fi ń ṣeré ni mo máa kọ́kọ́ fi í sí.

Àtúnṣe Ọ̀tígbà (8:20 àárọ̀)

Bàbá, ẹ kú àárọ̀ sà. Mo gbà pẹ̀lú yín lórí oṣù mẹ́ta yẹn, àmọ́ ìdúró ní tiẹ̀ náà lówó tó ń ná èèyàn. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft jáwọ́ nínú àtúnṣe Windows 10. Ihò tí wọ́n bá rí lára ẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ó di ihò. Ẹ sì wo iṣẹ́ Ìyá: láti àárọ̀ dalẹ́, flash àjèjì ni wọ́n ń kì bọ ẹ̀rọ wọn. Ẹni tó ń gba flash gbogbo Ṣómólú kò lè sùn láìti ilẹ̀kùn.

Akọ̀wé Yábàá (8:41 àárọ̀)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já wọ ọ̀rọ̀. Tèmi ṣì wà lórí Windows 10, tòkunbọ̀ ni, i5-6300U. Wọ́n ní Windows 11 ò gbà á. Ṣé kí n sọ ọ́ nù ni?

Àtúnṣe Ọ̀tígbà (8:52 àárọ̀)

Má sọ ọ́ nù. 6 tó tẹ̀lé dáàṣì yẹn ló ń sọ pé ìran kẹfà ni ọpọlọ ẹ̀. Lápá Intel, ìran kẹjọ lọ sókè ni Windows 11 ń fẹ́, bí i5-8250U. Tó bá jẹ́ i5-10210U, ìran kẹwàá nìyẹn. Tó o bá wá sí Kọ̀ǹpútà Fílẹ́jì láti ra òmíràn, nọ́ńbà yìí ni kó o kọ́kọ́ wò kó o tó wo bó ṣe ń dán. Àwọn kan wà níbí tí wọ́n á fi Windows 11 sí ìran kẹrin fún ọ tipátipá, á sì tàn lóòótọ́, á rẹ́rìn-ín sí ọ, àmọ́ Microsoft ò bá ọ ṣàdéhùn kankan pé àpdéètì á máa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, TPM 2.0, RAM 4GB, àti dísìkì 64GB ni wọ́n kọ sílẹ̀. 4GB yẹn, fún ẹni tí kò fẹ́ ṣe nǹkan kan ni.

Fún ti ọwọ́ rẹ, wọ Settings, kó o wọ Windows Update, wàá rí ibi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ fún ESU, ètò fún àwọn tó ṣì wà lórí Windows 10. Ìyẹn á fún ọ ní àtúnṣe ààbò títí di ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹwàá ọdún 2026. Wọ́n ń ta á ní ọgbọ̀n dọ́là, ṣùgbọ́n tó o bá gbà kí ètò ẹ̀rọ rẹ máa lọ sínú OneDrive, ibi ìpamọ́ Microsoft lórí íntánẹ́ẹ̀tì, o ò ní san kọ́bọ̀.

Ọmọ Akọ́kà (9:15 àárọ̀)

Ẹ gbé gbogbo Windows sọnù, ẹ fi Linux Mint rọ́pò ẹ̀ lórí ẹ̀rọ yín. Ọ̀fẹ́ ni. Kò ní kẹ́ ẹ mú TPM wá, kò ní kẹ́ ẹ mú àkáǹtì wá, ó ń sáré lórí ẹ̀rọ ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Mo ti lò ó fún ọdún méjì ní họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Tíṣà Agége (9:30 àárọ̀)

Àbúrò, òótọ́ lo sọ fún ara rẹ. Akọ̀wé Yábàá tiẹ̀ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n CorelDRAW kò ní ẹ̀dà ti Linux, CorelDRAW sì ni wọ́n ń sọ lẹ́nu ní Ṣómólú. Tí oníbàárà bá gbé fáìlì cdr wá láti Muṣin, ṣé kí Ìyá ní kó padà lọ kọ́ Linux?

Ẹ jẹ́ ká kúkú sọ ti purínta, torí mo rí i pé ẹnikẹ́ni ò dáhùn ẹ̀. Windows 11 ò ní ẹ̀dà 32-bit ti ayé àtijọ́ rárá, 64-bit nìkan ló wà. Bí dráífà inú CD tó bá purínta yín wá bá jẹ́ ti 32-bit, òkú ni. Bẹ́ ẹ bá ti wọlé padà, ẹ wọ Settings, Bluetooth & devices, Printers & scanners, ẹ tẹ orúkọ purínta, kẹ́ ẹ tẹ Remove. Ẹ yọ wáyà USB ẹ̀. Ẹ lọ sí ojú òpó iléeṣẹ́ tó ṣe purínta náà gan-an, ẹ má lọ sí àwọn ojú òpó tó kàn ń pariwo "download" kiri, ẹ gba dráífà Windows 11 níbẹ̀. Tí kò bá sí, ti Windows 10 oní-64-bit sábà máa ń bá a ṣiṣẹ́. Ẹ fi dráífà sí i tán kẹ́ ẹ tó ki wáyà bọ̀ ọ́. Àwọn èèyàn máa ń ki wáyà kọ́kọ́, Windows á bá wọn wá èyí tó wù ú, wọ́n á wá máa lu purínta.

Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan náà ló ṣe. Nígbà tí Windows 11 ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní October 2021, iléeṣẹ́ Brother fúnra wọn kéde pé àwọn purínta wọn kan tí wọ́n fi USB so lè má hàn lórí ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, àpdéètì kan tún mú kí àwọn purínta USB kan máa tẹ ọ̀rọ̀ tí kò ní orí tí kò ní ìdí jáde fúnra wọn. "POST /ipp/print" ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ronú sí i: òru dúdú, ẹnikẹ́ni ò sí ní ṣọ́ọ̀bù, purínta bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó máa dá àwọn kan lójú pé ayé ń ṣe wọ́n ni. Microsoft gbà pé ẹ̀bi àpdéètì ni, wọ́n sì tún un ṣe ní March.

Ìyá Onítẹ̀wé (Ajé, 9:48 alẹ́)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun. Ẹ gbọ́ bó ṣe lọ.

Mo pe ọmọkùnrin àkọ́kọ́. Ó ní òun ò fi tòun ṣí i. Ó ní, "Màámi, ẹ ò rántí pé ó ń béèrè íntánẹ́ẹ̀tì àti ímeèlì, tí kò jẹ́ ká kọjá, tẹ́ ẹ pe Ìbàdàn?" Háà! Àṣé lóòótọ́ ni. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Ìbàdàn ló ní ká fi ímeèlì òun, tó sì ń ka kóòdù fún wa lórí fóònù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rí orúkọ ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá tan láptọ́ọ̀pù. Èmi rò pé ó fi ń kí mi ni.

Mo pè é, ó wọ ibi tí Àtúnṣe sọ, ó rí méjì níbẹ̀, a fi Key ID mú èyí tó jẹ́ tiwa. Ó fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi máa kà á kí n máa tẹ̀ ẹ́, àmọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé aládùúgbò wa ń hó gbòlà-gbòlà, ó ní méje, mo gbọ́ mẹ́jọ. Ó kọ̀ ọ́. Ọkàn mi já. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo ti ilẹ̀kùn, mo wọ àwò mi, èmi fúnra mi kà á, mo tún fúnra mi tẹ̀ ẹ́. Ó ṣí! Bàbá olóògbé wà níbẹ̀ tòun ti fìlà ẹ̀.

Àtúnṣe Ọ̀tígbà (9:55 alẹ́)

Ọpẹ́ o! Mo ti ń rò ó láti ọ̀sán.

Màámi, kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ ṣe nǹkan méjì. Ẹ da iṣẹ́ ìsìnkú yẹn sínú flash nísinsìnyí, kẹ́ ẹ má sọ pé ó di ọ̀la. Ẹ kọ nọ́ńbà 48 náà sórí ìwé gidi, kẹ́ ẹ fi pamọ́ síbi tẹ́ ẹ ń kó rìsíìtì ilẹ̀ sí. Kì í ṣe inú láptọ́ọ̀pù yẹn náà o, mo ti rí ẹni tó ṣe é. Tí ẹnikẹ́ni bá tún fẹ́ wọ BIOS yín, ẹ ní kó kọ́kọ́ pa "Device encryption" nínú Settings, lábẹ́ Privacy & security, kó sì dúró kó tú u tán. Tó bá bi yín pé kí nìyẹn, ẹ gba ẹ̀rọ yín.

Ti bó ṣe ń falẹ̀, RAM mélòó ni? Ṣé dísìkì tó ń yí bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ló wà nínú ẹ̀ àbí SSD tí kì í yí?

Ìyá Onítẹ̀wé (10:02 alẹ́)

RAM 8. Ti dísìkì, mo máa ń gbọ́ ọ kó máa kùn.

Àtúnṣe Ọ̀tígbà (10:04 alẹ́)

Tó bá ń kùn, ó ń yí nìyẹn. Òun lẹ kàn fẹ́ pààrọ̀. BIOS ò jẹ yín ní gbèsè kankan.

Ẹlẹ́dátà Bàrígà (10:20 alẹ́)

Ẹnikẹ́ni ò sọ ti dátà. Tẹ́ ẹ bá ń fi hótípọ́ọ̀tì fóònù lo Windows 11, ẹ tẹ orúkọ Wi-Fi náà nínú Settings, kẹ́ ẹ tan "Metered connection". Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, á fi dátà yín wa àpdéètì lóru, ẹ ó jí bá òfo. Ẹ tún lè tẹ "Pause updates", ó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Èmi máa ń jẹ́ kó kọ́kọ́ ṣe ọ̀sẹ̀ méjì lára àwọn ẹlòmíì. Àpdéètì ọjọ́ kẹrìnlá October 2025 yẹn kan náà mú kí máàsì àti kíbọ́ọ̀dù USB kú nínú ibi tí èèyàn ti ń tún Windows ṣe bó bá bàjẹ́, ọjọ́ kẹfà kí òmíràn tó dé láti tún un ṣe. Ibi tí wọ́n ń gbà èèyàn là gan-an ni wọ́n tì pa!

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ jẹ́ kó ṣe é, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìgbà tí iná dúró tàbí tí inverter kún. Kì í ṣe gbogbo wa ló wà ní Band A, bátìrì tòkunbọ̀ ò sì ní gbé e délé.

Tíṣà Agége (10:31 alẹ́)

Fún ẹni tó bá fẹ́ Start padà sápá òsì: Settings, Personalization, Taskbar, Taskbar behaviors, kó yan Left. Tí ẹ bá tẹ ọwọ́ ọ̀tún máàsì tí ẹ ò rí ohun tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ di Shift mú kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ti àtijọ́ á jáde.

Bàbá Ìdúmọ̀tà (Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀)

Mo fẹ́ fi kan kún un. Ẹni tó bá gòkè láti Windows 10 láìpa nǹkan rẹ́, tí ara ẹ̀ ò gbà á, ní ọjọ́ mẹ́wàá láti padà: Settings, System, Recovery, Go back. Ó kọjá ọjọ́ mẹ́wàá, ilẹ̀kùn ti tì. Ti Ìyá ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ torí wọ́n ti pa tàtijọ́ rẹ́.

Ìyá Onítẹ̀wé (Ọjọ́rú, 4:15 ìrọ̀lẹ́)

Purínta ti sọ̀rọ̀! Bí Tíṣà ṣe wí náà ni mo ṣe é, mo yọ wáyà, mo gba dráífà ti Windows 10, mo fi sí i, mo ki wáyà bọ̀ ọ́, ó dá a mọ̀. Start mi ti padà sílé ọkọ ẹ̀ lápá òsì. Mo bá ẹnìkan ní Fílẹ́jì sọ̀rọ̀ lórí SSD, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọ̀ọ́dúnrún ìwé ti jáde láti ọ̀sán, a ti ká a, a ti dè é. Àkọ́bí wọn obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ láti Amẹ́ríkà. Ó gbé ọ̀kan, ó wò ó, ó ní ta ló ní ká lo fọ́tò yìí.